Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ló ń pa èdè wa



Àwọn kan ń sọ pé èdè wa ti bàjẹ́, nítorí pé àwọn ọmọ ń pe ilé ìwé ní ekọ́lù, wọ́n sì ń pe alùpùpù akérò ní zémìjàn. Èmi ò gbà. Ọ̀rọ̀ àjèjì nìkan kì í pa èdè.

Ẹ wo àlùbọ́sà tí ẹ ń gé sínú ọbẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn Haúsá la ti gba orúkọ rẹ̀. Àlàáfíà tí a fi ń kíra wa, inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Ta ló ń pè wọ́n ní àjèjì lónìí? Zémìjàn náà, ọ̀rọ̀ Fọ̀n ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "gbé mi kíákíá". Ọkọ̀ pàápàá, ojú omi ló wà láyé àtijọ́. Lónìí, ọkọ̀ la ń wọ̀ gba orí ọ̀dà lọ sí Kùtọnu. Èdè tó wà láàyè ló ń yí padà.

Ibi tí ewu wà nìyí: kí a gba ọ̀rọ̀ tuntun, kí a sì sọ àkànlò èdè wa nù. Ká ní ejò yọ lóko, tí ìyá àgbà kígbe sí ọmọ pé, "Bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀!" Ọmọ dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ta ló jẹ̀bi? Kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe ekọ́lù. Àwa tí a kò kọ́ ọ pé "sá" ni ìyá àgbà ń wí, àwa la jẹ̀bi.

Ẹlòmíràn á ní, "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀." Mo bi yín: bí ọba bá kú, ṣé ẹ máa bọ́ síta kí ẹ ní ọba kú? Rárá o. Ẹ máa ní ọba wàjà. Páánù la fi ń bo ilé báyìí, ọ̀pọ̀ ilé kò ní àjà mọ́, síbẹ̀ ọba ṣì ń wọ àjà. Ilé yí padà, ọ̀wọ̀ ò yí padà.

Òótọ́ ni pé Faransé ni èdè ìjọba. Ṣùgbọ́n òfin ńlá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990, ní ìpín 11, fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti máa sọ èdè wọn, kí wọ́n sì máa kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, kí lẹ ń dúró dè?

Ẹ má fọwọ́ lẹ́rán. Lálẹ́ òní, ẹ mú bíìkì àti kàyé. Ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé. Ẹ bi í ní àkànlò èdè kan. Ẹ kọ ọ́, ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kà á fún àwọn ọmọ. Bí àgbà bá lọ láìjẹ́ pé a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bá a lọ nìyẹn.