Ta Ló Sọ Pé Agbára James Anderson Ti Tán?

Kàlẹ́ńdà kì í ju bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ló ń jù ú, ojú ló ń wọ̀n ọ́n, ọpọlọ ló sì ń darí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn aláṣẹ eré kríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣi ẹsẹ̀ gbé nígbà tí wọ́n sọ fún James Anderson, ní ọdún 2024, pé kó lọ máa múra ìdágbére. Kì í ṣe pé ó ṣèṣe. Kì í ṣe pé ó ní ó ti rẹ òun. Wọ́n ka ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti lé ní ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ kríkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le. Ajubọ́ọ̀lù ayára a máa sáré bọ̀ láti òkèèrè, a fi gbogbo ara ju bọ́ọ̀lù aláwọ líle, kó lè lé ẹni tó di igi mú kúrò lórí pápá. Èyí ni wọ́n ń pè ní gbígba wíkẹ́ẹ̀tì. Nínú eré Tẹ́ẹ̀sì, tó lè gba odidi ọjọ́ márùn-ún, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìgbà igba lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá gúnlẹ̀, ẹ̀yìn, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ irú wọn fi ń fi eré sílẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 36. Courtney Walsh ti West Indies, ẹni àkọ́kọ́ tó gba wíkẹ́ẹ̀tì 500 nínú Tẹ́ẹ̀sì, dé ọdún 38, àwọn ènìyàn sì kà á sí ìyanu.

Anderson, ọmọ ìlú Burnley tí wọ́n bí ní ọdún 1982, gba wíkẹ́ẹ̀tì 500 tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tó ti pé ọdún 35. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́, kó lọ sílé. Ó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náà tán, ó tún gba 204 lé e. Ó di ajubọ́ọ̀lù ayára àkọ́kọ́ tó dé 600 ní ọdún 2020, ó sì dé 700 ní Dharamsala, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Kò sí ajubọ́ọ̀lù ayára mìíràn tó tíì dé ibẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ó gba ipò kìn-ín-ní láàárín gbogbo ajubọ́ọ̀lù Tẹ́ẹ̀sì lágbàáyé lẹ́ni ogójì ọdún. Láti ìgbà Clarrie Grimmett ti Australia ní ọdún 1936, ẹnikẹ́ni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò jókòó síbẹ̀ rí. Àwọn kan ní ó ti kúrò ní téńté. Kí wọ́n wá sọ fún wa ọdún tó kúrò níbẹ̀.

Wọn a ní Ashes ọdún 2023 ni. Òótọ́ ni pé wíkẹ́ẹ̀tì 5 péré ló rí gbà nínú eré mẹ́rin tó gbá pẹ̀lú Australia lọ́dún náà, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ta ló tàn jù lára àwọn ajubọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdíje yẹn kan náà? Stuart Broad ni, ó gba 22. Broad kì í ṣe ọmọdé: ó pé ọdún 37 nígbà tí ìdíje náà ń lọ lọ́wọ́. Bí ọjọ́ orí bá jẹ́ ẹ̀sùn, èwo ni ti Broad? Ìdíje kan tí kò dára ni Anderson ní, irú èyí tí ọmọ ọdún 25 pàápàá máa ń ní, tí wọ́n á sì ní kó fara balẹ̀, yóò bọ̀ sípò.

Mo gbà pé eré bọ́ọ̀lù rẹ̀ dínkù. Mark Wood ń jù ú kọjá máìlì 90 ní wákàtí kan. Ti Anderson ní ìgbẹ̀yìn kò fi bẹ́ẹ̀ ju 80 àti díẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kì í ṣe eré nìkan ló fi ń pa wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ìrán tó la àárín bọ́ọ̀lù kọjá ni ohun ìjà rẹ̀. Bó bá fi ìka méjì dì í mú báyìí, bọ́ọ̀lù a yà sọ́tùn-ún nínú afẹ́fẹ́. Bó bá yí ọwọ́ díẹ̀, a yà sósì, ojú ẹni tó di igi mú kò sì ní tètè mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó tún mọ bí a ti ń ṣọ́ ara: láti ọdún 2015 ni kò ti gbá eré ọlọ́jọ́ kan fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ́, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ fún Tẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ ni pé àwọn ń wo ìrìn àjò sí Australia ní ìparí ọdún 2025, nígbà tí yóò ti pé ẹni ọdún 43. Ṣé eré ọdún tó ń bọ̀ ni a fi ń yan ẹni tí yóò gbá ti òní? Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdágbére rẹ̀, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 7 fún Lancashire ní Southport, ẹgbẹ́ Nottinghamshire kò sì rí ju 35 he lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Lord's, ní oṣù Keje, ó gba 4 mọ́ ọn. Gus Atkinson, ọmọ tuntun, gba 12 nínú eré kan náà, mo kí i kú oríire. Ṣé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè lo àwọn méjèèjì ni?

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé lẹ́yìn ìdágbére náà, wọ́n ní kó dúró tì wọ́n, kó máa tọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù yòókù sọ́nà. Wọ́n mọ̀ pé ìmọ̀ náà kò gbó. Ọwọ́ tó ń gbé ìmọ̀ jáde ni wọ́n ní ó gbó. Ní ọdún 2025, ó padà sí Lancashire, ẹgbẹ́ Manchester Originals náà sì mú un fún ìdíje Hundred, eré kúkúrú tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣe agbára. Bí nǹkan kan kò bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní Lord's, kí ni wọ́n ń sanwó fún?