Ẹ Má Dúró Dìgbà Tá A Bá Di Àyà Mú: Lẹ́tà Gbangba sí Kọmíṣánnà fún Ètò Ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Kọmíṣánnà wa,

Atẹ̀wé ni mí ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó pépà, mo máa ń rí kókó lórí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó le gbagidi bí ìgbà tí wọ́n ki ẹ̀pà bọ abẹ́ awọ. Bàbá wa náà ní irú ẹ̀. Màmá wa ní bàtà ló ń fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sanra, kò fa sìgá, ẹ̀wà ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù. Ẹni ọdún 41 ni lọ́jọ́ tó di àyà mú nídìí ẹ̀rọ. Ká tó já sí Onípánù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàbá wa ò pé 50 kí tiẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Àdúgbò ní ayé ló ń ṣe ìdílé wa, èmi náà gbà, mo tiẹ̀ náwó lé e.

Dókítà kan ló tẹ gìgísẹ̀ tèmi wò, tó ní kí n lọ yẹ kọlẹ́stírọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, wò. Ó ti ga kọjá àlà. Àjogúnbá ni, ó wí. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ní ohun kan bí ọwọ́ tó fi ń mú ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá jogún àìsàn yìí, ọwọ́ ọ̀hún ò pọ̀ tó láti inú oyún. Ọ̀rá á wá máa lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ láti kékeré; òun náà ló ń di kókó lẹ́yìn gìgísẹ̀. Brown àti Goldstein tó tú àṣírí yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985. Bí ẹni 250 bá péjọ, a máa ń rí bí ẹnìkan tó ní in. Bí òbí kan bá sì ní in, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìkànìyàn 2006 ka Ṣómólú àti Bàrígà ju 400,000 lọ. Ẹ fi 250 pín in.

Lóṣù tó kọjá, àwọn kan na kánópì sí Bàrígà fún àyẹ̀wò ọ̀fẹ́. Wọ́n so nǹkan mọ́ wa lápá, wọ́n gún wa níka: ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ó parí. Mo béèrè kọlẹ́stírọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì ní, “Bàbá, ẹ dín ẹran kù.” Ẹran wo? Ẹran tá à ń fojú rí lọ́jà? Kò sẹ́ni tó bi mí ohun tó pa bàbá mi.

Oògùn wà o. Akira Endo ará Japan rí àkọ́kọ́ irú oògùn tó ń jẹ́ statin, tó ń dín kọlẹ́stírọ́ọ̀lù kù, lára ohun tí ń hù sórí oúnjẹ tó bàjẹ́, statin sì ti wà lórí àtẹ láti 1987. Ẹlòmíì wà tí statin nìkan ò ká tiẹ̀. Abẹ́rẹ́ olówó ńlá ló jáde fún irú wọn ní 2015. Ní báyìí, Merck ti ṣe hóró kan, enlicitide, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Àbájáde ìdánwò tó jáde ní 2025 fi hàn pé ó ń fa ọ̀rá búburú yìí wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Èròjà kan, PCSK9, ló máa ń ba ọwọ́ ẹ̀dọ̀ yẹn jẹ́. Hóró náà á sì dí i lọ́nà.

Ẹ gbọ́ eléyìí. Ní Dallas, àwọn olùwádìí méjì, Hobbs àti Cohen, rí àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan tí PCSK9 wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìbí, tí àrùn ọkàn sì ṣọ̀wọ́n láàrin wọn. Ìmọ̀ yẹn wà lára ohun tó ṣínà fún oògùn tuntun. Níbo ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú? Àgbádárìgì wà nínú àwọn èbúté náà, nínú ìpínlẹ̀ tí ẹ jẹ́ Kọmíṣánnà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹbí wa ló fọ̀nà hàn. Ẹ má jẹ́ kí hóró náà dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bá Merck dúnàádúrà.

Ṣùgbọ́n oògùn tuntun kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Láti 2024 ni ìjọba Èkó ti sọ ìdójútòfò ìlera di dandan. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ilé ìlera alábọ́ọ́dé, ní Yorùbá, bóyá àyẹ̀wò kọlẹ́stírọ́ọ̀lù àti statin wà nínú Ìlera Èkó, ètò ìdójútòfò ìpínlẹ̀ wa. Bí kò bá sí, ẹ fi sí i. Bí ẹnìkan bá sì di àyà mú kó tó pé 50, kí ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi fún wa, ìwé owó nìkan ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọdún 12, máa ń wá ràn mí lọ́wọ́ ní Sátidé. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó pépà, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò. N kò tíì rí nǹkan kan. Ní Mọ́ńdè mo fẹ́ mú un lọ fún àyẹ̀wò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin á dúró di oṣù tó ń bọ̀, torí owó ẹnìkan ni mo rí.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan ní Ṣómólú