Ọ̀rọ̀ Tí Ìmàle àti Ìgbàgbọ́ Jọ Ń Sọ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí láti Ilu-Abo dé àárín ìlú Àkúrẹ́, àlùfáà yóò dìde, yóò ní kí ìjọ gba àdúrà, yóò ka ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì, yóò wàásù, yóò sì fi àlàáfíà Olúwa tú ìjọ ká. Ó ṣeé ṣe kí ó má sí ẹnì kan nínú ìjọ náà tí yóò rántí pé àlùfáà, àdúrà, wòlíì, ìwàásù àti àlàáfíà, gbogbo wọn ni orírun wọn jẹ́ èdè Lárúbáwá, àti pé ipasẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n gbà wọ inú èdè Yorùbá. Bí oníwàásù kan bá tilẹ̀ fẹ́ bu Ìmàle lórí àga ìwàásù, ọ̀rọ̀ tí Ìmàle mú wá ni yóò fi bú u. Kódà "kèfèrí" tí àwọn ènìyàn máa ń jù lu ara wọn, inú èdè Lárúbáwá kan náà ni ó ti jáde.

Èyí kì í ṣe ohun ìyanu fún ẹni tí ó bá mọ ìtàn. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀ sí Bádágírì ní ọdún 1842. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ jókòó ti ìtumọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn ènìyàn ni wọ́n mú lò, wọn kò sì ta á nù nítorí pé Mùsùlùmí ni ó kọ́kọ́ lò ó. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní ọdún 1884. Nípa bẹ́ẹ̀, ní àwọn ìlú ìhà ìlà-oòrùn, irú bí Oǹdó tí Charles Phillips dé ní ọdún 1877 láti ṣe iṣẹ́ ìhìnrere, Bíbélì náà wà lára ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ Ìmàle dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò bá Ìmàle gbé.

Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò sí ní ọrùn ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí a kọ́kọ́ tẹ ìtumọ̀ Àlùkùránì rẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá kì í ṣe Mùsùlùmí rárá. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan ni, M. S. Cole ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1906 sì ni ìwé náà jáde. Ohun yòówù kí ète rẹ̀ jẹ́, òun ni ó kọ́kọ́ ṣí ìwé mímọ́ ẹlòmíràn sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá. Ọdún 1973 ni àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí tó gbé ìtumọ̀ ti ara wọn jáde. Báyìí ni ó rí tí Onígbàgbọ́ fi ń gbàdúrà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Ìmàle, tí Mùsùlùmí sì kọ́kọ́ rí Àlùkùránì ní èdè abínibí rẹ̀ láti ọwọ́ Onígbàgbọ́.

Bí a bá gbé ẹ̀sìn méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí wọ́n fi jọra kò kéré. Ọlọ́run kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń sìn. Ábúráhámù tí ọ̀kan ń pè, òun náà ni Ìbúráímọ̀ ti èkejì. Mósè ni Músá. Jósẹ́fù ni Yésúfù. Orúkọ Mọ́ríámọ̀, ìyá Jésù, ni a fi pe orí kọkàndínlógún nínú Àlùkùránì, Mùsùlùmí sì gbà pé wúńdíá ni ó bí Ànábì Yísà. Àwọn méjèèjì ní àwẹ̀, ọ̀kan ní oṣù Ràmàdáánì, èkejì ní ogójì ọjọ́ tí ó ṣáájú Àjíǹde. Àwọn méjèèjì ní kí a ṣe ìtọrẹ àánú, kí a bọ̀wọ̀ fún òbí, kí a má jẹ́rìí èké, àti pé ọjọ́ ìdájọ́ ń bọ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀kan náà ni ẹ̀sìn méjèèjì, kò mọ èyíkéyìí nínú wọn dáadáa. Onígbàgbọ́ ní Ọmọ Ọlọ́run ni Jésù, pé ó kú lórí àgbélébùú, ó sì jíǹde. Orí èyí ni gbogbo ìrètí rẹ̀ dúró lé. Mùsùlùmí ní Ọlọ́run kò bímọ, a kò sì bí I. Ó ní Yísà jẹ́ ànábì ńlá, ṣùgbọ́n a kò kàn án mọ́ àgbélébùú. Ó ní Muhammad ni ó kẹ́yìn àwọn ànábì, Onígbàgbọ́ kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fi ẹ̀rín músẹ́ bo ìyàtọ̀ wọ̀nyí mọ́lẹ̀. Ìjíròrò tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irọ́ pé kò sí ìyàtọ̀, yóò fọ́ ní ọjọ́ tí ìyàtọ̀ bá yọjú.

Kí ni ó wá jẹ́ kí ilé Yorùbá dúró pẹ̀lú ìyàtọ̀ ńlá báyìí? Àjọbí ni. Kí ẹ̀sìn méjèèjì tó dé ni ẹbí ti wà, olórí ẹbí kì í sì í béèrè ibi tí ọmọ ti ń kírun tàbí tí ó ti ń kọrin kí ó tó pín ogún fún un. Ní ọjọ́ Iléyá, ẹran a kọjá sí ilé Onígbàgbọ́; ní ọjọ́ Kérésìmesì, ìrẹsì a kọjá sí ilé Mùsùlùmí. Ẹ̀mí yìí kan náà hàn nínú òṣèlú. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀, tí Onígbàgbọ́ sì pọ̀ níbẹ̀ ju Mùsùlùmí lọ, da ìbò wọn fún M. K. O. Abíọ́lá, Mùsùlùmí tí igbákejì rẹ̀ náà jẹ́ Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ alátakò rẹ̀ ni ó mú Onígbàgbọ́ ṣe igbákejì.

Ṣùgbọ́n àjọbí nìkan kò tó mọ́. Àwọn ọmọ ti kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé àárín àwọn tí wọ́n jọ ń sin ẹ̀sìn kan ṣoṣo, ẹnu oníwàásù nìkan ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn gbà gbọ́. Àwọn kan ti ń kọ̀ láti jẹ ẹran Iléyá tí ìyá wọn àgbà sè. Ní Ìwó ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àwọn ọmọ mìíràn wọ aṣọ akọrin ìjọ wá sí kíláàsì. Àwọn ọmọ tí ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ ìṣirò ni àgbà fi ṣe asà.

Èyí tí ó burú jù ṣẹlẹ̀ ní ìtòsí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Fransisi Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn. Àwọn aṣáájú Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà ìkà náà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi hàn bóyá àwọn ará ìlú mọ ara wọn tàbí wọn kò mọ ara wọn. Bí wọn kò bá mọ ara wọn, ẹni tí ó gbé ìbọn wá láti ibòmíràn lè mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aládùúgbò tí wọ́n ti ń kí láti ogún ọdún.

Nítorí náà ni ìjíròrò láàárín ẹ̀sìn méjèèjì kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àlejò. Láti ọdún 1999 ni ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan ti wà fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ó ní aṣáájú Mùsùlùmí 25 àti aṣáájú Onígbàgbọ́ 25. Ní ọdún 2019 sì ni Póòpù Francis àti Ìmáàmù Àgbà ti Al-Azhar, Ahmad al-Tayyeb, jọ fọwọ́ sí ìwé ìbáṣepọ̀ ọmọnìyàn ní Abu Dhabi. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fọwọ́ sí ní Abu Dhabi kò lè parí ìjà orí òkú ní Àkúrẹ́. Inú ilé ni irú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: bí ọmọ Mùsùlùmí bá fẹ́ ọmọ Onígbàgbọ́, ẹ̀sìn ta ni àwọn ọmọ yóò ṣe? Bí bàbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ Onígbàgbọ́, ta ni yóò pàṣẹ ìsìnkú? Kí ni ọmọ yóò wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí owó gbogbo ènìyàn ń gbọ́ bùkátà rẹ̀? Ìgbà tí ara bá tutù ni ó yẹ kí ìmáàmù àti àlùfáà àdúgbò, pẹ̀lú àwọn olórí ẹbí, jókòó lórí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí òkú wà nílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò, ìjà ni yóò bá pàdé.

Bí wọ́n bá ń wá àpẹẹrẹ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n wo Crowther ní ààfin Ẹ́míà Ìlọrin ní ọdún 1872. Wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́. Ìwé mímọ́ tirẹ̀ ni ó ṣí, tí ó fi dáhùn. Òtítọ́ ni pé ó fẹ́ kí wọ́n di Onígbàgbọ́. Kò sí èyí tí ó yí padà. Ṣùgbọ́n ìrírí rẹ̀ ti kọ́ ọ pé àríyànjiyàn líle kò lérè. Wọ́n gbọ́ ara wọn, wọ́n sì pín ní ìrọ̀rùn.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àlùfáà ní Ilu-Abo àti lẹ́nu ìmáàmù ní Oǹdó ti jẹ́ àjọlò tipẹ́. Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ó ń lò ó jókòó, kí wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.