Ọmọ tí ó tàsé kò yẹ fún èébú

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ó ń kọ́ béèsìbọ́ọ̀lù, eré tí a ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Olùkọ́ tí ó gbọ́n kì í kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ. Orí ọ̀pá ni ó ń gbé e lé, kí ọmọ lè kọ́ bí a ti ń dúró àti bí a ti ń tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù.

Àmọ́ àwọn àgbà kan a máa jágbe mọ́ ọmọ tí ó bá tàsé. Èyí kò tọ́. Ní ọdún 1941, Ted Williams ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Síbẹ̀, nínú ìgbà 10 tí a kà fún un, ó kùnà ní nǹkan bí ìgbà 6. Kí ni kí a wá retí lọ́wọ́ ọmọ ọdún 8? Ẹ̀rù a máa di ojú ọmọ. Sùúrù ni kí a fi kọ́ ọ.