Gìlọ́kọ́mà: Kí Ìtọ́jú Má Mọ Sórí Oògùn Àkánsójú

Omi kan tó mọ́ gaara ń sun nínú ẹyinjú. Ó ń bọ́ ojú, lẹ́yìn náà a gba inú ẹran kan tó rí bí asẹ́ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí asẹ́ yìí bá dí, ìfúnpá inú ẹyinjú a ga, a sì máa pa iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Àrùn yìí ni gìlọ́kọ́mà. Ìwọ̀n 10 sí 21 ni wọ́n kà sí ìfúnpá tó dára, àmọ́ iṣan ojú àwọn kan ń kú láìjẹ́ pé tiwọn kọjá 21. Nítorí náà, dókítà gbọ́dọ̀ tanná wo ẹ̀yìn ojú pẹ̀lú.

Oríṣi tó wọ́pọ̀ jù láàárín adúláwọ̀ kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń jẹ: aláìsàn ṣì ń ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀ geere, ṣùgbọ́n ọ̀kadà á ṣàdédé yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 rí i pé nínú 100 ẹni tó ti pé 40 ọdún, nǹkan bí 5 ló ní in. Ìdá kan nínú márùn-ún wọn ti fọ́jú. Ó tún ń rìn nínú ìdílé, nítorí náà ó yẹ kí ọmọ àti ọmọ ìyá aláìsàn lọ yẹ ojú wò.

Ìríran tó ti lọ kì í padà. Èyí tó kù ni ìtọ́jú ń dáàbò bò. Oògùn àkánsójú timolol, tí kò yẹ oníkọ́ fée, tàbí latanoprost alaalẹ́ ni wọ́n sábà ń kọ. Wọ́n dára bí aláìsàn bá ń kán wọn títí ayé. Ṣùgbọ́n kí ni aláta ọjà á ṣe, tí nǹkan kan kò dùn ún, tí ojú rẹ̀ kò sì là ju tàná lọ, tó sì gbọ́dọ̀ máa ra ìgò tuntun lóṣooṣù? Bí owó bá há, oògùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ fò. Kì í ṣe àìgbọràn, àìní ni.

Ó yẹ kí wọ́n tètè máa fi lésà lọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kán oògùn tí kò ní jẹ́ kó dunni sójú, wọ́n á gbé awò lé e, wọ́n á sì tan ìtànṣán sí asẹ́ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwádìí kan láti Tanzania, tó jáde ní 2021, fi lésà wé timolol: lẹ́yìn ọdún kan, àṣeyọrí lésà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Agbára rẹ̀ lè dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n sì lè tún un ṣe. Bí àrùn bá ti wọra, iṣẹ́ abẹ tó ń la ọ̀nà tuntun fún omi náà lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè ló kù. Ẹ̀rọ lésà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo lè tọ́jú ọ̀pọ̀ èèyàn fún ọdún púpọ̀, ó sì jẹ́ ìnáwó tó tọ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.