Másítíìkì Kò Lè Bo Iṣẹ́ Tí Kò Dára

Ẹ̀yin tólíyé Banikanni, ẹ má sọ fún oníbàárà mọ́ pé páànù ọkọ̀ ni kò dára. Lóòótọ́ ó fẹ́lẹ́, ti ìlẹ̀kùn kì í sábà ju mìlímítà 1 lọ. Ṣùgbọ́n iná yín ló ń mú un ká kò bí ewé gbígbẹ.

Irin tó gbóná ń fẹ́ gbòòrò. Èyí tó tutù yí i ká kò fún un láyè, ló bá nípọn sójú kan. Bó bá wá tutù, á súnkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á fa gbogbo páànù mọ́ra. Ẹ sì ń jó o láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsinmi! Kí lẹ retí?

Ẹ jó o lójú kan níhìn-ín, lójú kan lọ́hùn-ún, kí ẹ tó bọ́ sí àárín. Ẹ jẹ́ kó tutù débi tí ọwọ́ lè gbà á kí ẹ tó tún fi iná sí i. Ẹ fi irin tì í lẹ́yìn, kí ẹ rọra fi òòlù lu ojú ibi tí ẹ jó, kó lè nà padà.

Ẹ ní yóò pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń pẹ́. Ta wá ni másítíìkì tó nípọn bí àkàrà ń tàn jẹ? Ọkọ̀ á gbọ̀n lójú ọ̀nà Malanville, másítíìkì á là, omi òjò á wọlé, irin á dípẹtà lábẹ́ ọ̀dà. Oníbàárà á sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó ń kàwé lọ́dọ̀ wa, ẹ kọ ọ́ sínú kàyé yín. Bí ọ̀gá bá bínú, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ fi páànù àlòkù méjì dán an wò, ọ̀kan lọ́nà tiwọn, ọ̀kan lọ́nà yìí.