Ẹ Má Bá Òkè Magic Kẹ́dùn

Orin kan ṣoṣo ni àwọn tó ń kọ ìròyìn ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà mọ̀ lórí eré sikíì, eré yíyọ̀ lórí yìnyín: ẹja ńlá ni yóò gbé ẹja kékeré mì. Òkè tó bá wà lọ́wọ́ aládàáni, tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì yí i ká, wọ́n ti gbẹ́ sàréè rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Irú òkè bẹ́ẹ̀ ni Magic Mountain ní Londonderry, lápá gúúsù ìpínlẹ̀ Vermont. Òkè Stratton tó wà nítòsí rẹ̀, iléeṣẹ́ ńlá Alterra ló ni ín. Okemo ńkọ́? Vail Resorts, iléeṣẹ́ ńlá mìíràn, ti rà á lọ́dún 2018. Mount Snow náà bọ́ sọ́wọ́ Vail lọ́dún 2019. Àárín wọn ni Magic jókòó sí, ìwọ̀nba èèyàn kan ló sì kówó jọ rà á lọ́dún 2016.

Àánú òkè yìí ń ṣe aráyé. Kí wọ́n fi àánú wọn pamọ́ ná.

Ohun kan wà tí Magic lè ṣe tí Vail kò lè ṣe pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀: Magic lè sọ pé ó tó. Bí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà lọ́jọ́ kan bá ti tó iye èrò tí òkè lè gbà, wọ́n á ṣíwọ́ títà. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ó di ọjọ́ mìíràn. Vail kò ní ẹnu ìyẹn. Láti ọdún 2008 tí Epic Pass, páàsì ọlọ́dọọdún tí Vail ń tà, ti jáde ní 579 dọ́là ni owó ti ń wọ àpò iléeṣẹ́ náà kí yìnyín kankan tó já bọ́. Ẹni tó ti sanwó láti ìgbà oòrùn, ta ni yóò dá a padà lẹ́nu ọ̀nà lóṣù Kejì? Wọ́n á ní Vail náà ti ń fi gbèdéke sí tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ láti ọdún 2022. Òótọ́ ni. Gbèdéke náà kò kan àwọn tó ní páàsì, àwọn gan-an ni èrò.

Àwọn ẹlẹ́gàn máa ń tọ́ka sí àga olókùn kan tó ń gbé èèyàn gòkè ní Magic. Tòkunbọ̀ ni lóòótọ́. Stratton tó bọ́ ọ sílẹ̀ ni wọ́n ti rà á lọ́dún 2018, ó sì di 2024 kó tó gbé ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ Vail ni, wọn ì bá ti parí ẹ̀ láàárín sáà kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ eré yìí mọ ohun tí àga tó yára ń fà: ó máa ń da èrò sórí òkè kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí yìnyín á sì ti ṣá kó tó di ọ̀sán. Àga tó lọ́ra ń sọ pé ó tó láìlanu.

Wọ́n á tún ní òkè náà ti kú rí. Bẹ́ẹ̀ ni: Hans Thorner, ọmọ Switzerland, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1960, wọ́n tì í pa lọ́dún 1991, ó sì jí padà lọ́dún 1997. Wọ́n á ní páàsì ńlá ló dínwó. Ó dínwó fún ẹni tí kò kúrò lórí òkè. Ìdílé tó fẹ́ ṣeré ọjọ́ kan péré ní òkè Vail, lásìkò tí èrò pọ̀, yóò san ju 300 dọ́là lórí àgbàlagbà kan. Ẹ kú owó dídín o!

Níbi tí ọ̀rọ̀ owó sì dé yìí, ta ló ń jẹ ẹ́? Lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá 2024, àwọn ẹ̀ṣọ́ orí òkè Park City ní Utah, èyí tó jẹ́ ti Vail, daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ló ń gbé ẹni tó fẹsẹ̀ kán sọ̀kalẹ̀. Àwọn náà ló ń fi ohun abúgbàù já yìnyín tó fẹ́ ya kó tó ya lu èèyàn. 21 dọ́là ni owó wákàtí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Wọ́n ní kó di 23. Dọ́là méjì! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, lásìkò ọdún tuntun, kí Vail tó gbà. Tíkẹ́ẹ̀tì 300 dọ́là kan ṣoṣo tó san àfikún náà fún wákàtí 150.

Gbogbo aládàáni kọ́ ló ṣeé yìn. Reed Hastings, ọ̀kan lára àwọn tó dá Netflix sílẹ̀, ló ń darí Powder Mountain ní Utah, ó sì ti ya apá kan òkè náà sọ́tọ̀ fún àwọn tó nílé síbẹ̀. Òun náà sọ pé ó tó. Ẹni tí kò nílé síbẹ̀ ló sọ ọ́ fún.

Ìjọba Amẹ́ríkà ló yẹ kó dáhùn báyìí. Lọ́dún 1997 tí Vail fẹ́ kó Breckenridge, Keystone àti Arapahoe Basin ní Colorado pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ẹ̀ka ètò ìdájọ́ fárí gá: àfi kí wọ́n ta Arapahoe Basin. Ó dọwọ́ ẹlòmíràn. Lọ́dún 2019, ó kúrò nínú Epic Pass nítorí pé ọkọ̀ ti kún ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ àkúnya. Òun náà sọ pé ó tó. Lọ́dún 2024, Alterra rà á, ìjọba sì yọ̀ǹda. Breckenridge ṣì wà níbi tó wà, Keystone kò ṣí kúrò. Kí ni àwọn tó ń ṣọ́ ọjà rí lọ́dún 1997 tí wọn kò rí mọ́?